Ṣé Ìdákẹ́ Ni Ọ̀wọ̀?

 

Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí, ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan tí a ń ṣe ìwé yìí lọ́wọ́, a fi ìkéde ìpàdé kan sínú rẹ̀, a sì ṣi ọjọ́ kọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé, ọjọ́ Àìkú ni a kọ. Nígbà tí ìwé jáde, àwọn kan wọ mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn wá ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní títì. Ẹni tó ná owó tó sì pàdánù ọjọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wa, kí la fẹ́ fi tù ú nínú?

Nígbà tí a jókòó láti wádìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, arábìnrin tó kéré jù láàárín wa, ẹni tó ń bá wa tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, rọra sọ pé òun rí àṣìṣe náà. A ní, "O rí i, o kò sì sọ?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ sì kọ ọ́. Mo rò pé ó ní ohun tí ẹ mọ̀ tí èmi kò mọ̀."

Inú bí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú wa rọ̀, ọ̀kan nínú wa rán wa létí ohun kan. Ní oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà, ọmọbìnrin yìí kan náà ti tọ́ka sí gbólóhùn kan tí kò yé e, a sì dá a lóhùn pé, "Ìwọ ṣáà tẹ ohun tí a fún ọ." Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe. Ó tẹ ohun tí a fún un.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí gbogbo wa jọ rò nìyí: bí ọmọdé bá rí àṣìṣe àgbà lẹ́nu iṣẹ́, tó sì dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà? Ṣé ọrùn ọmọdé tó dákẹ́ ni, àbí ọrùn àgbà tó sọ ọ́ di adákẹ́? Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ tọ́ kí a máa pe irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀wọ̀?

IBI TÍ ÌDÁKẸ́ TI PA ÈNÌYÀN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Owó mọ́tò ni àṣìṣe tiwa gbé lọ. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀mí ló gbé lọ.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní Boeing 747 kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ènìyàn 583 ló kú. Nínú gbogbo ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tí kì í ṣe pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fà á, kò sí èyí tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ̀ kan jẹ́ ti KLM, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Netherlands. Èkejì jẹ́ ti Pan Am, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kùrukùru bo ilẹ̀ débi pé ọkọ̀ kan kò rí èkejì, ọkọ̀ Pan Am sì ṣì wà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ KLM fẹ́ sá gbà kó tó gbéra. Ọ̀gá tó wa ọkọ̀ KLM kì í ṣe òpè. Òun ni olórí àwọn tó ń kọ́ awakọ̀ Boeing 747 nílé iṣẹ́ náà, àwòrán rẹ̀ sì wà lára èyí tí wọ́n fi ń polówó ara wọn. Igbákejì tó jókòó tì í, ọ̀gá yìí kan náà ló dán an wò, kò sì tíì pẹ́, kó tó gba ìwé ẹ̀rí láti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá kọ́kọ́ fẹ́ kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sáré, igbákejì sọ fún un pé àwọn kò tíì gba àṣẹ. Ọ̀gá dúró, ó ní òun mọ̀, kó béèrè. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, tí àṣẹ láti gbéra kò sì tíì dé síbẹ̀, igbákejì kò dá a dúró mọ́. Ẹni kẹta wà pẹ̀lú wọn, ẹnjiníà inú ọkọ̀. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí rédíò, ó sì béèrè bóyá ọkọ̀ Pan Am kò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá fi ìdánilójú dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Láìpẹ́ sí i, ọkọ̀ méjèèjì pàdé.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹni mẹ́ta ló wà níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ náà. Ẹni kan ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni kan sì ti béèrè. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn, kò sí ọ̀tá nínú wọn. Ohun tí kò sí láàárín wọn ni ìgboyà láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì fún ẹni ńlá.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ohun tó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ nítòsí ìlú Portland ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ United kan fi ń balẹ̀ fa ìṣòro, ọ̀gá sì ń yí po lójú ọ̀run nígbà tó ń wá ojútùú sí i. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rí i pé epo ń tán. Wọ́n mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ débi tí yóò fi wọ ọ̀gá létí. Epo tán, ọkọ̀ já bọ́, ènìyàn 10 sì kú.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ní ọdún 1979, àjọ NASA pe àwọn onímọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó sì di ọdún 1981 United bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn awakọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ kọ́, wọ́n mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ẹni kékeré bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ tí yóò yéni, wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá bí yóò ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ náà ti tàn ká gbogbo ayé báyìí. Lára ohun tó sì jẹ́ kí wíwọ ọkọ̀ òfuurufú láàbò ju ti ìgbà náà lọ ni pé ẹni kékeré inú ọkọ̀ lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ dúró."

IṢẸ́ KÒ DÚRÓ SÓJÚ KAN MỌ́

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn baba wa ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì fọkàn tán ara wọn láìsí ẹ̀kọ́ kankan. Òótọ́ ni. Ẹ wo àáró. Àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn dọ́gba yóò kó ara wọn jọ, wọ́n á ro oko ti ẹni yìí lónìí, wọ́n á ro ti ẹni kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wọ́n á sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ro ẹ̀bù tirẹ̀ ní ìrokúrò, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi padà síbẹ̀. Kí ló mú kó rọrùn? Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Wọ́n mọ ilé ara wọn, wọ́n mọ ìyá ara wọn, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé oko tiwọn náà ń bọ̀.

Ibi iṣẹ́ òde òní kì í ṣe àáró. Ọ̀gá wà, ọmọ iṣẹ́ wà. Àwọn tí a sì ń bá ṣiṣẹ́ ń yí padà lójoojúmọ́. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn báńkì wa. Ní oṣù Keje ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, kéde pé owó ìdókòwò báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù méjì náírà, kó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí gbèdéke pé, ó ku 25. Àwọn tó ń bára wọn du oníbàárà lánàá ni wọ́n wá ń jókòó sídìí tábìlì kan náà lónìí, kálukú sì ń wò ó pé ta ni wọn yóò kọ́kọ́ dá dúró. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jẹ́wọ́ pé òun ṣe àṣìṣe? Ta ni yóò sọ fún ọ̀gá tuntun pé ìṣirò rẹ̀ kò pé?

Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020. Ìjọba sé ìlú mọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì di ẹni tí ń ti ilé ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Títí di òní, àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ń bá ẹni tí ẹ kò fojú rí rí ṣiṣẹ́. Ẹ kò mọ ilé rẹ̀, ẹ kò mọ ìyá rẹ̀. Ìfọkàntán tí àwọn baba wa rí nínú ìbágbé, kò sí ìbágbé tí ẹ̀yin yóò ti rí i. Ó wá di ohun tí a ní láti mọ̀ọ́mọ̀ kọ́, bí ẹni ń kọ́ ilé.

ILÉ IṢẸ́ TÓ FÚN ÒṢÌṢẸ́ NÍ OKÙN

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Ilé iṣẹ́ mọ́tò kan wà ní Fremont, ní ìpínlẹ̀ California. General Motors ló ni ín. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gba orúkọ burúkú: wọn a máa pa iṣẹ́ jẹ, àwọn kan a sì máa mu ọtí lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró. Bí òṣìṣẹ́ bá rí i pé nǹkan kò dè, kó jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní ọdún 1982.

Ní ọdún 1984, wọ́n tún un ṣí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí General Motors àti Toyota ti ilẹ̀ Japan ló jọ ni ín, Toyota ló sì ń darí iṣẹ́. Ẹ gbọ́ èyí: àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n kó padà sẹ́nu iṣẹ́ jù. Wọ́n rán púpọ̀ nínú wọn lọ sí Japan láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n sì na okùn kan sítòsí ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe, kó fa okùn náà. Olórí ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ á sáré dé, kì í ṣe láti bá a wí, láti ràn án lọ́wọ́ ni. Bí wọn kò bá tètè rí i tún ṣe, gbogbo iṣẹ́ á dúró.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mọ́tò tó ń jáde níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń ṣe ní Japan. Àwọn tó ń pa iṣẹ́ jẹ wá di ẹni tí kì í pa iṣẹ́ jẹ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí náà mà ni! Ohun tó yí padà ni pé ẹnì kan gbà wọ́n gbọ́ débi tó fi fa agbára láti dá iṣẹ́ dúró lé wọn lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ náà parí iṣẹ́ ní ọdún 2010, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò parí. General Motors gbìyànjú láti gbé ètò náà lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, kò sì rọrùn fún un. Okùn rọrùn láti rà lọ́jà. Ọkàn ọ̀gá tí kò ní bínú bí a bá fà á, ìyẹn ni kò sí lọ́jà.

IKỌ̀ TÓ DÁRA LÓ Ń JẸ́WỌ́

Obìnrin onímọ̀ kan wà ní Harvard tó ń jẹ́ Amy Edmondson. Ó wádìí nípa àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe nínú fífún aláìsàn ní oògùn nílé ìwòsàn. Ohun tó rò ni pé ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì àti ọ̀gá wọn ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa, àṣìṣe á kéré níbẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé òdìkejì rẹ̀ ló bá. Àwọn ikọ̀ tó dára ni àṣìṣe wọn pọ̀ jù nínú ìwé. Nígbà tó wá ìdí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àṣìṣe ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n ń jẹ́wọ́ rẹ̀ ni. Ní ibi tó kù, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó tẹ èyí jáde ní ọdún 1996, ó sì tún gbé òmíràn jáde ní ọdún 1999 nípa ohun tí a lè pè ní ààbò ọkàn, ìyẹn ni kí ẹni tó wà nínú ikọ̀ mọ̀ pé bí òun bá béèrè, tàbí bí òun bá jẹ́wọ́, wọn kò ní dójú ti òun. Láti ọdún 2012 ni Google náà ti bẹ̀rẹ̀ sí wo nǹkan bí 180 ikọ̀ nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ ohun tó mú kí àwọn kan ta yọ. Ààbò ọkàn yìí ni wọ́n rí pé ó ṣe pàtàkì jù, ó ju kí a kó àwọn olórí pípé jọ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, olórí ọ́fíìsì, ọ̀gá níbi iṣẹ́ ọwọ́, bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ìròyìn burúkú láti bí oṣù mẹ́ta, ẹ má tètè dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnikẹ́ni lè mú un wá bá yín.

ÀMÁÁNÀ NI OHUN TÍ A MỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Lójú tiwa, ẹni tó rí àṣìṣe tó sì dákẹ́ kò bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Bí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá ya lẹ́yìn, tó ń lọ sí àwùjọ, tí o rí i, tí o sì jẹ́ kó máa lọ, ṣé ọ̀wọ̀ lo fún un? O fi í sílẹ̀ fún ìtìjú ni. Ara rẹ lo dáàbò bò.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àmáánà ni owó tí a bá fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́. Ohun tí ojú wa rí lẹ́nu iṣẹ́ náà, àmáánà ni. Ẹni tó gbà wá síṣẹ́ kò ra ọwọ́ wa nìkan, ó fi ojú wa ṣọ́ ibẹ̀ ni. Bí a bá rí i tí a kò wí, a ti di àmáánà náà mọ́ra.

Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé nígbà ogun Bádírì, ní ọdún kejì lẹ́yìn Híjírà, ó pa ibùdó sí ibì kan. Sàhábé kan tó ń jẹ́ Hubab ọmọ Mundhir wá bá a, ó sì béèrè bóyá Ọlọ́hun ló pàṣẹ ibẹ̀ ni tàbí ète ogun ni. Nígbà tó gbọ́ pé ète ogun ni, ó ní ibẹ̀ kọ́ ló yẹ, kí wọ́n lọ síbi kànga omi. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gbà, wọ́n sì ṣí lọ. Ẹ wo ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn kọ́kọ́ béèrè kó tó sọ̀rọ̀, nítorí ó mọ̀ pé ibì kan wà tí kò sí àríyànjiyàn. Aṣíwájú náà kò bi í pé, "Ta ni ìwọ?" Ó gbé odidi ibùdó kúrò nítorí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Èwo nínú àwọn ọ̀gá wa ló wá ga ju kó gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ?

A gbà, nígbà náà, pé ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni tirẹ̀ wúwo jù, nítorí òun ló ń pinnu iye tí òtítọ́ ń náni lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí òtítọ́ bá wọ́n, díẹ̀ ni yóò rí rà. Arábìnrin wa jẹ̀bi ìdákẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Àwa jẹ̀bi ọ̀rọ̀ tó pa á lẹ́nu mọ́.

ÀWỌN TÓ LÈ TAKÒ WÁ

Àwọn kan á ní a fẹ́ kọ́ ọmọ ní àfojúdi. Rárá o. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Yorùbá ti kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe é: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú a gbé ohun tí wọ́n gbé fún un lọ bó ṣe rí. Ọmọ a ro ohun tí yóò bá orúkọ ilé lọ. Sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ bí àyè bá wà. Fi ṣe ìbéèrè: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọjọ́ tó wà níbí àti èyí tó wà lórí ìwé ìpè kò bára mu, èwo ni ká mú?" Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má fi kíkúnlẹ̀ pẹ́.

Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ̀yin tó ń kọ̀wé, ẹ kò mọ bí iṣẹ́ ṣe wọ́n. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé mi, ta ni yóò bọ́ ìyá mi?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò sì ní fojú di í. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni da oúnjẹ ara rẹ̀ sínú iná nítorí ọjọ́ tí a ṣì kọ. Ẹ wá ẹnìkejì tó rí ohun tí ẹ rí, kí ẹ jọ lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè wà pé ẹ sọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà, tàbí owó ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń jí tòun, a kò lè parọ́ fún yín pé ìdákẹ́ tọ́. Yóò náni ní nǹkan. Ohun tó ń náni ni a fi ń mọ olóòótọ́.

Àwọn ẹ̀kẹta á ní ibi tí ìfọkàntán bá wà, kò yẹ kí a máa yẹ ara wa wò. Àwọn yìí ló tilẹ̀ léwu jù. A ṣì ń yin orí Alájọ Ṣómólú títí dòní, ẹni tí wọ́n ní ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ẹni mélòó nínú wa ló ní irú orí bẹ́ẹ̀? Alájọ yòókù ń fún oníbàárà ní káàdì, wọ́n sì jọ ń sàmì sí i. Káàdì náà kì í ṣe àmì pé wọ́n ń fura sí ara wọn. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n lè sùn. Ẹni tó bá ń sọ pé, "Ṣé o kò fọkàn tán mi ni?" nígbà tí a bá béèrè ìwé owó, ẹ tún ìwé náà béèrè.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ìkíní, kí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kì í jẹ́wọ́ níbi tí ọ̀gá kì í ti í ṣẹ̀.

Ìkejì, nípàdé, kí ẹni kékeré kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ ọmọdé a di àmín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ló gbọ́dọ̀ dákẹ́ díẹ̀ kí ọgbọ́n ọmọdé tó lè jáde.

Ìkẹta, ẹ má béèrè pé, "Ṣé ó dára?" Gbogbo ènìyàn á ní ó dára. Ẹ béèrè pé, "Kí ni kò tọ́ níbẹ̀?" kí ẹ sì dúró títí ẹnì kan yóò fi dáhùn.

Ìkẹrin, ẹ̀yin arákùnrin, ẹ tẹ́tí sí àwọn arábìnrin yín lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni obìnrin á sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí yóò dáhùn, tí ọkùnrin á sì sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà tí gbogbo ilé á ní ó gbọ́n. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ sọ pé, "Lágbájá ló kọ́kọ́ sọ ọ́." Olówó kò san ju ìyẹn lọ.

Ìkarùn-ún, ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó wo ìròyìn náà. Bí ẹ bá jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo àwọn tó ń wò ó ti kọ́ ẹ̀kọ́.

Nípa tiwa, a ti bẹ arábìnrin wa, a sì ti bẹ àwọn tó wá bá ìlẹ̀kùn títì. Láti ìgbà náà, òun ló ń kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé yìí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọwọ́ sí i. Àwíwí rẹ̀ kò dùn mọ́ wa nígbà gbogbo. Nígbà tó ka ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí, ó ní a kọ́kọ́ kọ ìtàn ọjọ́ tí a ṣì náà bíi pé òun nìkan ló ṣẹ̀, pé a kò dárúkọ ohun tí a sọ sí òun ní oṣù méjì ṣáájú. Ìdí nìyí tí ẹ fi bá a lókè.

Kí Ọlọ́hun fún ẹni kékeré inú wa ní ẹnu láti sọ òtítọ́, kí Ó sì fún ẹni ńlá inú wa ní etí láti gbọ́ ọ. Àmín.